Mo bomi rin sawáro títí ó fi ń jẹrà, ẹ̀yin ará aṣálẹ̀, ẹ gbà mí o

ÌyáTómi_Tucson · 14 Òkúdù, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù kẹta ọdún yìí la kó kúrò ní Houston wá sí Tucson, ní Arizona. Ẹ̀yìn ilé tí a rà, cactus ńlá kan, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀, wà níbẹ̀. Saguaro ni wọ́n ń kọ ọ́, sawáro ni wọ́n ń pè é. Ó ga ju òrùlé lọ dáadáa, ó na apá méjì sókè bí ọlọ́pàá tó ń darí mọ́tò ní oríta.

Bí oṣù karùn-ún ṣe ń parí lọ ni mo rí i pé ó ń rù. Ara rẹ̀ tó kún tẹ́lẹ̀ ká wọnú, ó wá dà bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pa dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Òjò ò tíì kán tó láti ìgbà tí a ti dé, oòrùn ń se èmi alára bí ẹ̀wà, igi tó dúró síta ńkọ́? Mo fa họ́ọ̀sì sídìí rẹ̀, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní báyìí, ibì kan nísàlẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, omi dúdú ń sun níbẹ̀, òórùn rẹ̀ ò ṣeé sún mọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Tómi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba iṣẹ́ wálé níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ sí nígbà ìsinmi: kí ló ń mú kí igi àti ẹranko aṣálẹ̀ máa wà láàyè? Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní tísà òun ò ní gba ìyẹn. Ewúro tí mo wú wá láti Houston sì ti kú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olóko_Phoenix · 14 Òkúdù, 8:05 àárọ̀

Màmá Tómi, ẹ kọ́kọ́ lọ pa omi yẹn kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ṣé ẹ ti pa á? Ó dáa. Igi yín ò ṣàìsàn nígbà tó ń rù. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́dọọdún kí òjò tó dé, ohun tó ti fi pamọ́ ló ń jẹ. Àwọn ìlà tó gba ara rẹ̀ láti orí dé ilẹ̀ yẹn, bíi síkẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́po ni. Òjò rọ̀, ó tú, igi sanra. Ọ̀dá dá, ó ṣẹ́ po padà. Bí kò bá sí ìṣẹ́po yẹn, ọjọ́ tó bá mumi yó ni àwọ̀ rẹ̀ máa ya.

Gbòǹgbò rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tàn lọ yí ká tó bí igi náà ṣe ga. Òjò ibí kì í pẹ́, wéré ló ń rọ̀ tó ń dá. Ẹni tó bá máa gbà á gbọ́dọ̀ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ìdí igi gan-an kọ́ ló ti ń mumi. Ẹ̀yin wá ń da omi síbi tí kò lẹ́nu.

Ẹ tún ní ó lápá méjì? Sawáro kì í sábà yọ apá kó tó pé nǹkan bí ọdún 50 sí 75, ibi tó bá gbẹ gan-an ó lè tó 100. Ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé, kò ní ga tó ìka ọwọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n yín ni igi yẹn, ẹ máa kí i.

Wálé_NewJersey · 14 Òkúdù, 9:31 àárọ̀

Èmi ò fara mọ́ ọn o. Igi ni igi ń jẹ́, ẹ dín omi kù, ẹ má dá a dúró pátápátá. Ta ni kò mọ̀ pé omi ló kún inú cactus? Ẹni tó bá sọnù sí aṣálẹ̀, á gé e, á mu, ẹ̀mí rẹ̀ á padà. Ràkúnmí náà, omi ló pọ̀n sẹ́yìn nínú iké yẹn. Gbogbo wọn pátá, omi ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ fi ìyẹn kọ́ Tómi, iṣẹ́ parí.

TísàBáyọ̀ · 14 Òkúdù, 1:47 ọ̀sán

Ìbàdàn ni mo wà, ọdún 22 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Wálé àbúrò mi, má bínú, ìbéèrè yìí ni mo máa ń fi dán wọn wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí o ṣe dáhùn un gẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń dáhùn un.

Ọ̀rá ló wà nínú iké ràkúnmí. Tí ebi bá pa á pẹ́, iké náà á rọ̀, á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú cactus kì í ṣe ìkòkò omi. Ẹran yíyọ̀ tó dà bí ilá ni, oró sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó bá mu ún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí inú máa ṣu ú. Omi tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ náà á bá a lọ.

Bó o ṣe ní omi ni wọ́n ń tọ́jú, ìyẹn tọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n títọ́jú omi rọrùn, kí ó má sá lọ ni iṣẹ́. Màmá Tómi, ẹ jẹ́ ká fi ewé tí ẹ mọ̀ ṣàlàyé fún ọmọ. Ẹ mọ ọ̀dúndún? Ẹ mọ àbámodá? Ewé gbogbo ní ihò tíntìntín tó fi ń mí. Ewé ẹ̀fọ́, ewé àgbàdo, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí ihò yẹn, nítorí ọ̀sán ni oòrùn wà láti fi se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ṣí lọ́sàn-án, omi á máa bá afẹ́fẹ́ jáde. Ní Ìbàdàn kò burú, òjò ń bọ̀ lọ́la. Ní Tucson, ikú ni.

Ohun tí sawáro ń ṣe ni pé ó ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ó ń ṣí i lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Afẹ́fẹ́ tó gbà wọlé lóru, ó ń sọ ọ́ di omi kíkan, á fi pamọ́. Bí oòrùn bá yọ, á ti ilẹ̀kùn, á yọ afẹ́fẹ́ náà jáde látinú omi kíkan yẹn, á fi se oúnjẹ níkọ̀kọ̀. Àbámodá ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ já ewé rẹ̀ ní ìdájí, ẹ fi ahọ́n kàn án, ẹ tu ú dànù: kíkan. Ẹ tún já òmíràn ní ìrọ̀lẹ́: kò ní kan mọ́. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heyne ló kíyè sí i ní Íńdíà, ó ti lé ní igba ọdún báyìí, ahọ́n rẹ̀ náà ló fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìdílé tí ọ̀dúndún àti àbámodá wà ni àwọn onímọ̀ sì fi sọ ọgbọ́n náà. Àwa tí à ń pe ọ̀dúndún ní ewé ẹ̀rọ̀, a ò jẹ̀bi.

Àgùnbánirọ̀98 · 14 Òkúdù, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jẹ́ n fi ti ràkúnmí kún un, nítorí mo bá wọn gbé. Ní 1998, Nguru ní Yobe ni wọ́n gbé mi lọ sìn. Àwọn Fúlàní àtàwọn ará Niger máa ń da ràkúnmí kọjá lẹ́yìn ilé wa. Mo rí ọ̀kan tó mumi nínú ọpọ́n kan títí ọwọ́ ẹni tó ń fà á látinú kànga fi bó. Ó lè mu ju 100 lítà lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí èmi tàbí ẹ̀yin bá mu bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa á bàjẹ́. Kóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ gùn bí ẹyin, ó lè wú láìbẹ́.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kì í tètè làágùn. Ara rẹ̀ lè wà ní 34 lórí ìwọ̀n Celsius ní ìdájí, kó gùn dé nǹkan bí 40 lọ́sàn-án kó tó máa làágùn. Ibà ni ìyẹn fún wa. Òun á gba ooru náà mọ́ra títí ilẹ̀ á fi ṣú, atẹ́gùn òru á wá gbà á lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Igi kan tún wà níbẹ̀ tí Haúsá ń pè ní gawo. Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé! Mo rò pé igi yẹn ya wèrè ni. Àwọn àgbẹ̀ wá ṣàlàyé fún mi pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń gbin jéró sábẹ́ rẹ̀: lásìkò tí jéró ń wá oòrùn, gawo ò ní ewé tó máa ṣíji bò ó. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ bá omi nísàlẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni du òjò.

Wálé_NewJersey · 14 Òkúdù, 7:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́, ọ̀rá ni. Mo túúbá. Ṣùgbọ́n kí ni ti ràkúnmí nínú ọ̀rọ̀ Arizona?

Olóko_Phoenix · 14 Òkúdù, 10:48 alẹ́

Ó kàn án o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá ni ìran ràkúnmí ti ṣẹ̀ ní àìmọye ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó tàn dé Éṣíà àti Áfíríkà, kí ti ibí sì tó run. Nígbà tó di 1856, àwọn ológun Amẹ́ríkà tún lọ kó ràkúnmí wá nínú ọkọ̀ ojú omi, Texas ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, láti máa fi ru ẹrù gba aṣálẹ̀ kọjá. Ọ̀kan lára àwọn tó bá wọn dà á ni Hadji Ali. Ẹnu àwọn òyìnbó ò gbà á, wọ́n sọ ọ́ di Hi Jolly. Quartzsite, nínú Arizona yìí, ni ibojì rẹ̀ wà, wọ́n sì gbé ère ràkúnmí kékeré sórí rẹ̀.

Gbòǹgbò tó lọ bá omi nísàlẹ̀ tí ẹ sọ, a ní tiwa: mesquite. Níbi tí wọ́n ń wa kùsà nítòsí Tucson, wọ́n bá gbòǹgbò rẹ̀ ní ohun tó lé ní 50 mítà nísàlẹ̀. Nínú aṣálẹ̀ kan náà, sawáro ń lá omi lórí ilẹ̀, mesquite ń mu ún nísàlẹ̀, wọn ò jà. Abẹ́ ìbòòji mesquite gan-an ni sawáro kékeré ti sábà máa ń dàgbà.

ÌyáTómi_Tucson · 15 Òkúdù, 6:40 àárọ̀

Ẹ ṣé o. Mo ti pa omi. Tómi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ní kí n wá àbámodá fún òun lá. Ṣùgbọ́n ojú egbò yẹn ti fẹ̀ ju ti àná lọ, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Aládùúgbò wa ní kí n pò sìmẹ́ǹtì, kí n fi dí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_OmọÈkìtì · 15 Òkúdù, 7:15 àárọ̀

Rárá o, sìsí! Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i rárá, inú ni ìdíbàjẹ́ náà á ti máa jẹ ẹ́ lọ. Tucson yìí ni èmi náà wà, ó ti pé ọdún 14. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò rí ló ń fa ìjẹrà yẹn. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ cactus lónìí, kì í ṣe ẹni tó ń gé koríko. Á fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ibi tó rọ̀ kúrò títí dé ibi tó le, á fi bleach ìdá 1 tí wọ́n pò mọ́ omi ìdá 9 fọ̀ ọ́, á sì fi ojú egbò sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ó lè san. Ẹyẹ àkókó ń dá ihò sí i lára lójoojúmọ́ láti fi ṣe ilé, igi náà á mú èépá líle bo inú ihò náà kí omi má baà sun. Bí sawáro bá kú tó rà tán, èépá yẹn á ṣẹ́ kù bí igbá. Àwọn Tohono O'odham tó ni ilẹ̀ yìí látayébáyé máa ń fi í tọ́jú nǹkan.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: sawáro tó ti mumi yó lè wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Kí Tómi má ṣeré lábẹ́ rẹ̀ títí ẹni náà á fi dé. Bó bá sì ní láti wálẹ̀, ẹ má kàn fi ayùn gé e. Òfin Arizona ń dáàbò bò ó, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olóko_Phoenix · 15 Òkúdù, 12:10 ọ̀sán

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi bleach. Ẹni tó tọ́jú tèmi kò fi nǹkan kan sí i, ó ní afẹ́fẹ́ ibí tó gbẹ yìí ti tó oògùn. Tèmi sì ti jinná.

Nọ́ọ̀sì_OmọÈkìtì · 15 Òkúdù, 12:34 ọ̀sán

Tìrẹ tóbi tó báwo? Ibi tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, èmi á fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ egbò ni mo ń ṣe jẹun.

Olóko_Phoenix · 15 Òkúdù, 12:40 ọ̀sán

Kò tó èso àgbálùmọ̀. Ó dáa, ẹ fọ̀ ọ́.

Wálé_NewJersey · 15 Òkúdù, 8:55 alẹ́

Ìbéèrè, kì í ṣe àríyànjiyàn. Bí sawáro bá gbọ́n tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣubú ní Phoenix ní 2023? Mo rí i nínú ìròyìn, apá wọn ń já bọ́.

Olóko_Phoenix · 15 Òkúdù, 9:37 alẹ́

Ojú mi ló ṣe. Ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi kan 110 lórí Fahrenheit tàbí kó jù ú lọ, láti ìparí Òkúdù títí di ìparí Agẹmọ. Sawáro ti mọ ooru ọ̀sán tẹ́lẹ̀. Òru ni kò tutù. Ẹ rántí ohun tí Tísà sọ: òru ló ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀dà àti sìmẹ́ǹtì ìlú gba ooru ọ̀sán pamọ́, wọ́n ń tú u jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí, igi ò lè mí, ó gbẹ láti inú. Àwọn onímọ̀ ní Desert Botanical Garden, ọgbà igi aṣálẹ̀ tó wà ní Phoenix níbí, ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn á dúró bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí wọn á wó.

TísàBáyọ̀ · 16 Òkúdù, 11:20 àárọ̀

Tómi ọmọ mi, igi ti pọ̀, gba ti ẹranko.

Eku kan wà ní aṣálẹ̀ yín tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì fò. Ó lè má mumi títí ayé rẹ̀. Hóró gbígbẹ ló ń jẹ. Bí ara bá ń lo oúnjẹ, omi díẹ̀ máa ń ti inú rẹ̀ jáde, tèmi tìrẹ náà, ṣùgbọ́n tiwa kò tó wa. Tiẹ̀ tó o, nítorí kì í fi ṣòfò: ìtọ̀ rẹ̀ ki, ó ń sùn sínú ihò lọ́sàn-án, imú rẹ̀ tutù tó fi jẹ́ pé èémí tó ń jáde á fi omi rẹ̀ sílẹ̀ nínú imú kó tó bọ́ síta. Ehoro ibẹ̀ ní etí gbọọrọ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún. Tó bá jókòó síbòòji, etí yẹn ló fi ń fẹ́ra. Ẹyẹ kan tó jọ igún wa ń tọ̀ sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tutù. Kọ ìyẹn sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Àgùnbánirọ̀98 · 16 Òkúdù, 2:05 ọ̀sán

Tísà, ẹ gbàgbé ìgbín! Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú nílé, ṣé kì í wọnú ìkarahun, fi nǹkan funfun dí ẹnu rẹ̀, sùn títí òjò á fi dé?

ÌyáTómi_Tucson · 4 Agẹmọ, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó mọ cactus wá, ó gé ibi tó rà, ó fọ̀ ọ́ (Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé). Ihò náà tó ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ń gbẹ, igi ò tíì fì.

Òjò rọ̀ lánàá! Afẹ́fẹ́ ní òórùn kan tí mi ò gbọ́ rí. Bó ṣe dá, Tómi rí ìjàpá kan lẹ́yìn ilé, ó gbé e wá fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Ìjàpá tọ̀ sí i láṣọ, ó pọ̀ bí ẹni da ife omi. Lóru, nǹkan bí àgùntàn wá ń ké nínú kòtò, ó lé ní ogún. Bàbá Tómi mú tọ́ọ̀ṣì jáde, kò rí àgùntàn kankan. Kí ni ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_OmọÈkìtì · 4 Agẹmọ, 6:30 àárọ̀

Igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní creosote ló ní òórùn yẹn, oje tó wà lára ewé rẹ̀ ni òjò fọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń ké bí àgùntàn. Wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti bí oṣù mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń walẹ̀. Ìró òjò lórí ilẹ̀ ló jí wọn. Wọn á yé ẹyin sínú adágún omi yẹn lóru kan, ọmọ wọn á sì di ọ̀pọ̀lọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, torí adágún náà máa gbẹ. Ẹ má da omi ọṣẹ sí kòtò yẹn.

Ti ìjàpá ni ẹjọ́. Ẹ pe Tómi kó gbọ́. Àpò ìtọ̀ ni ìjàpá aṣálẹ̀ fi ń ṣe àmù. Omi tó mu nígbà òjò, ibẹ̀ ló ń gbé e sí, ara á máa fa á padà díẹ̀díẹ̀ ní oṣù ọ̀dá. Bí ẹ̀rù bá bà á, á tú u dànù. Omi ọ̀pọ̀ oṣù ló dà sí ọmọ yín láṣọ yẹn, ìyẹn sì lè pa ìjàpá náà. Òfin náà ò gbà kí wọ́n mú u nínú igbó. Ṣé ẹ ti gbé e padà síbi tó wà?

ÌyáTómi_Tucson · 4 Agẹmọ, 6:41 àárọ̀

Yéè! Ó gbé e padà síbẹ̀. Ó ti ń sunkún báyìí, ó ní òun ti pa ọkọ Yánníbo.

Nọ́ọ̀sì_OmọÈkìtì · 4 Agẹmọ, 6:48 àárọ̀

Kò tíì kú. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni, omi ṣì wà nílẹ̀. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ sítòsí ibẹ̀, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí gbogbo yín wọlé. Tó bá yọjú, á mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún máa gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, àkéekèé náà ń jáde lásìkò yìí.

ÌyáTómi_Tucson · 4 Agẹmọ, 7:20 alẹ́

Ó wá mu ún! Ojú fèrèsé la ti wò ó, ó ki gbogbo orí bọ omi. Tómi ti fi ti ìjàpá ṣíwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Olóko_Phoenix · 2 Ògún, 9:15 àárọ̀

Màmá Tómi, a ò tíì dáhùn ti ewúro. Ẹ dúró di oṣù kẹwàá kí ẹ tó gbin òmíràn, ẹ ta aṣọ ìbòòji lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà yín lẹ́yìn òjò yìí ná, ṣé ẹ ò rí ewé kan tó ń hù fúnra rẹ̀?

ÌyáTómi_Tucson · 2 Ògún, 10:02 àárọ̀

Mo rí i! Mo rò pé ojú mi ń ṣe mí ni. Ó jọ tẹ̀tẹ̀ gan-an.

Olóko_Phoenix · 2 Ògún, 10:09 àárọ̀

Tẹ̀tẹ̀ ni, ẹ̀yà ti ibí. Àwọn Tohono O'odham ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Inú ilẹ̀ ni kóró rẹ̀ ń sùn sí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Ẹ já ọ̀dọ́ rẹ̀ kó tó yọ òdòdó, ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ da omi rẹ̀ nù. Ẹ má já ti ẹ̀bá títì, wọ́n ń fín oògùn síbẹ̀.

Wálé_NewJersey · 2 Ògún, 10:30 àárọ̀

Ẹ ń jẹ tẹ̀tẹ̀ ọ̀fẹ́ nínú aṣálẹ̀, èmi ń ra ìdì kékeré ní dọ́là márùn-ún. Irú ilé wo ló wà fún títà lágbègbè yín?